Oúnjẹ Tí Mo Kọ̀ ní Uganda

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí ẹnìkan kì í dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tucker, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, kó ní, "Aunty, welcome back o! Uganda ńkọ́?" Kí n tó la ẹnu, ó ti ń tọwọ́ bọ báàgì, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa la mọ ohun tí iṣẹ́ ń fojú wa rí nílùú yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Uganda kọjá ohun tí èèyàn ń sọ ní ìdúró, torí náà mo jókòó kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó fìdí lélẹ̀.

Ohun tó lé mi jáde

Pásítọ̀ wa sọ lórí pẹpẹ pé ìfẹ́ àwọn aláìní ló gbé mi lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Ilé mi ló lé mi jáde.

Ilé náà wà ní Redan, yàrá mẹ́rin, èmi nìkan. Ọkọ mi ti kú. Àwọn ìbejì mi ti dàgbà. Táíwò wà ní Seattle, Kẹ́hìndé wà ní Houston, àwọn méjèèjì sì ń pè mí déédéé bí ẹni ń lo oògùn. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí ní Marietta, igbe ọmọ tuntun kò jẹ́ kí n mọ̀ pé mo dá wà. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni ilé wá fi ara rẹ̀ hàn mí. Lọ́jọ́ kan mo ṣàkíyèsí pé ẹnì kan ṣoṣo tó ti bá mi sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni obìnrin inú fóònù tó máa ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀, àti pé mo ti ń dá a lóhùn. Ó ní kí n yà sí ọ̀tún, mo ní, "Ẹ ṣeun, ma." Ẹ̀rù ara mi bà mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí sọ fún mi pé àwọn kan ń wá agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó lè lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní abúlé kan ní Uganda fún oṣù díẹ̀. Mo gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Kẹ́hìndé rò pé àwàdà ni. "Mummy, Uganda kẹ̀? Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀?"

Mo ní, "Ta ni mo mọ̀ ní Redan?"

Ó ní òun máa pè mí padà, òun wà nínú meeting.

Mo rò pé mo ti délé

Ilẹ̀ pupa ni mo kọ́kọ́ rí, pupa bíi ti ọ̀nà oko bàbá mi, òkè kéékèèké, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́tùn-ún lósì títí dé ibi tí ojú mọ. Abúlé náà wà ní ìhà Masaka. Bí mọ́tò ṣe dúró níwájú ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin kan sáré jáde, ó kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú mi, ó ní, "Kulika yo, nnyabo." Wọ́n ní ó ń kí mi kú ìrìn ni. Ẹ̀yin ará, omi bọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Atlanta, bí wọ́n bá gbìyànjú, wọ́n á ju ọwọ́ sí èèyàn látorí àga: "Hi, Aunty." Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọmọ tó kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí i.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló jọ tiwa. Bí wọ́n bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní, "Gyebale ko," bí a ṣe ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n á béèrè ìwọ, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á máa hùn láàárín rẹ̀ bí ẹni ń gbe orin. Ẹni tó bá ń kánjú kò gbọdọ̀ kí wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìbejì ni mo bí, wọ́n pa orúkọ mi tì, mo di Nnalongo, èyí tí í ṣe ìyá ìbejì, wọ́n sì ń pè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo gbérí. Mo ní lọ́kàn mi pé ará ilé ni wọ̀nyí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa kọ́ mi nípa ìwà níbí.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Tèmi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mi ò mọ̀ pé àlejò ni mí.

Ẹ bá wa ire

Yàrá tí wọ́n fún mi wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí àgbàlá ìyá àgbà kan tí gbogbo abúlé ń pè ní Jjajja Teddy. Jjajja ni ìyá àgbà. Teddy ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin ni wọ́n ń wí. Arúgbó tó ga ni, tó dúró ṣánṣán, tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Nakato, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé mìíràn. Oyún Nakato ti dàgbà, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Kampala.

Bí ọ̀sán bá pọ́n, wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á gbé matooke jáde, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ewé wé tí wọ́n ti ń sè láti àárọ̀. Wọ́n á tú ewé náà, oru á sọ. Ó rọ̀ ju iyán lọ. Wọ́n á da ọbẹ̀ ẹ̀pà lé e lórí, òórùn rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi.

Bí mo bá ń kọjá, Jjajja á gbé ọwọ́ sókè: "Nnalongo, jangu tulye." Wá ká jọ jẹun. Èmi á fọwọ́ lé àyà, màá tẹrí ba, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá ní, "Thank you, Mama. Á gba ibi ire." Màá sì kọjá lọ.

Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó. Kí ni mo ṣe tí kò dára? Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé, tó bá àwọn èèyàn nídìí oúnjẹ tí wọ́n ní "ẹ bá wa ire," ohun tó ń sọ nìyẹn. Wọ́n pè ọ́ torí ọ̀wọ̀, ìwọ náà kọ̀ torí ọ̀wọ̀. Bí o bá fò mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá rẹ ni wọ́n máa bú. Nígbà tí a wà ní kékeré, màámi á kàn ṣẹ́jú sí wa nílé onílé, àwa náà á sì sọ pé a ti yó nígbà tí ìfun wa ń pariwo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnu pọ̀ nínú ilé Jjajja, mi ò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu aboyún. Torí náà, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá po oat tí mo gbé ti Atlanta lọ, màá máa gbọ́ ẹ̀rín wọn látojú fèrèsé.

Nígbà tó yá, ìpè náà dín kù. Lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Bí mo bá kí Jjajja, á dáhùn lẹ́nu lásán. Àwọn aboyún tó bá wá sí ilé ìwòsàn á jókòó de Sister Prossy, agbẹ̀bí ibẹ̀, wọn ò ní súnmọ́ àga tó wà níwájú mi. Bí mo bá nawọ́ sí ọmọ kékeré, á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Mo ń dá jẹun, mo ń dá rìn, mo ń dá ara mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan mo sunkún dáadáa. Ìdáwà tí mo ní lọ́pọ̀ yanturu ní Redan ni mo tún fò kọjá òkun wá bá.

Ẹsẹ̀ Nakato

Nakato ń sá aṣọ lọ́jọ́ tí mo ṣàkíyèsí rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Gbogbo ayé iṣẹ́ mi ni mo fi wo irú ojú bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, torí náà mo bi í bóyá orí ń fọ́ ọ.

Ó wẹ̀yìn wò bóyá Jjajja wà nítòsí, ó wá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ojú rẹ ńkọ́? Ṣé nǹkan ń tàn yẹ́ríyẹ́rí níwájú rẹ?"

"Ó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí, Nnalongo."

Fún ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì nínú yín: ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó máa ń bá oyún wọlé. Bí wọ́n bá tètè rí i, tìyá-tọmọ á yè. Bí wọn ò bá rí i, gìrì á mú ìyá, àwọn méjèèjì sì lè bá a lọ. Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo wọ àgbàlá Jjajja. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Nakato fúnra rẹ̀ ló ń túmọ̀ èsì ìyá àgbà fún mi, ó ń wo ilẹ̀: Jjajja ní inú ilé yìí ni òun bí gbogbo ọmọ òun sí, ẹsẹ̀ wíwú kì í ṣe tuntun, kí n máa lọ. Ó yí ẹ̀yìn sí mi.

Mo sáré lọ bá Prossy. "Sister, ẹ bá mi bá ìyá yẹn sọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn lè kú."

"Mo ti bá Jjajja sọ ọ́. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà níbí, Nakato kò ní wá." Ó fọwọ́ nu ojú. "Nnalongo, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin gan-an ni ìṣòro náà."

"Èmi?"

"Àwọn ará abúlé ní ẹ kórìíra oúnjẹ wa. Àwọn kan ní ẹ rò pé a dọ̀tí. Àwọn kan ní ẹ rò pé a máa fi májèlé sí i. Jjajja ní ẹni tí kò lè fọwọ́ kan oúnjẹ òun kò ní fọwọ́ kan ọmọ òun."

Mo pariwo. "Ìwà ọmọlúàbí ni mo ń hù!" Mo ṣàlàyé bí tiwa ṣe rí, gbogbo rẹ̀, ẹ bá wa ire àti á gba ibi ire.

Prossy tẹjú mọ́ mi. "Ṣé ẹ̀ ń sọ pé nílẹ̀ yín, wọ́n á pe èèyàn síbi oúnjẹ, kò sì ní wá?"

"Á kọ́kọ́ kọ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Wọ́n á tún pè é."

"Á wá wá?"

"Ó tún lè kọ̀."

"Ta ló wá ń jẹ oúnjẹ náà?"

Prossy rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ọwọ́ sì ń yún mi láti gbá a létí. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Níbí, tí ẹ bá bá èèyàn nídìí oúnjẹ, ẹ ó fọwọ́, ẹ ó tọ́ ọ wò, ì báà ṣe òkèlè kan. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ, ó ti kọ onílé."

Mo jókòó láìpè

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹní, mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ kí Jjajja bí mo ṣe ń kí ìyá ọkọ mi, mo sì jókòó. Kò sẹ́ni tó pè mí. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń ka èyí, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kéèyàn lọ jókòó ti oúnjẹ olóúnjẹ láìpè, nígbà tí irun ti funfun lórí rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn màámi létí mi láti inú sàréè pé, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò lójú tì!" Mo fọ ọwọ́ nínú abọ́ omi, mo bu matooke, mo fi kan ọbẹ̀, mo jẹ ẹ́.

Jjajja ń wò mí. Mo tún bù. Nígbà tí òkèlè kẹta fi wọlé, ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀, ó sì ti oúnjẹ púpọ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ mi lórí ewé. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Mo sọ èyí tí Prossy kọ́ mi, "Ofumbye nnyo," mo kí i kú oúnjẹ ní sísè. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀.

Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè, Nakato sì ń túmọ̀.

"Jjajja ní ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó ti kú."

"Wọ́n ní àwọn ìbejì ńkọ́?"

"Wọ́n jìnnà sí mi."

"Wọ́n ní ta lẹ wá ń bá jẹun?"

Mo fẹ́ parọ́. Mo fẹ́ sọ pé ará ṣọ́ọ̀ṣì, pé aládùúgbò, pé ọ̀rẹ́. Irọ́ náà kò jáde. Mo ní, "Kò sí ẹnì kankan."

Nakato túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọdé pàápàá dáwọ́ oúnjẹ dúró. Jjajja fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Bambi," tó jẹ́ pé bí a ṣe ń sọ pé "ó mà ṣe o" ni wọ́n ń sọ ọ́, ó sì tún un sọ. Òye yé mi pé kì í ṣe ìgbéraga ló ń rí lójú mi mọ́. Ó rí obìnrin tí kò mọ bí a ṣe ń bá èèyàn jẹun. Ó dùn mí gidigidi, nítorí òótọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Nakato, ó sì fi àgbọ̀n júwe apá rẹ̀. Nakato na apá náà sí mi.

Mo gbé ẹ̀rọ náà jáde, ó sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà, mo bá ké sí Prossy. Prossy gún un lábẹ́rẹ́ tó ń dá gìrì dúró, ẹnì kan tó ń ra kọfí gbé ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ wá, èmi àti Jjajja sì jókòó sẹ́yìn, a fi Nakato sáàárín, a ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀nà náà kò dára. Jjajja di ọwọ́ mi mú kọjá lórí ikùn ọmọ náà, kò sì fi í sílẹ̀.

Wọ́n gbé Nakato wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ní ìta, orí koríko ni àwọn ará ilé aláìsàn ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ. A jókòó sáàárín wọn. Obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí tú ewé oúnjẹ rẹ̀, ó wo ojú wa, ó ní ká wá jẹ. Mi ò jẹ́ kó tún un sọ. Mo fọwọ́, mo sún mọ́ ọn, Jjajja náà sún mọ́ ọn. A ò lè gbé oúnjẹ náà mì dáadáa nítorí ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n a jọ ń gbìyànjú rẹ̀. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti wá bá wa. Ó ní ọmọbìnrin ni Nakato bí, ó kéré bí àdàbà, ó ń ké. Nakato ti la ojú.

Ẹ má rò pé wọ́n fi orúkọ mi sọ ọmọ náà o. Orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ ni wọ́n fún un, bó ṣe tọ́. Èmi rí àyè lórí ẹní, ìyẹn tó mi.

Àbọ̀

Wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó pa òwe yẹn kò gbé ní Redan. Mo ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rọ amúǹkan-tutù nìkan ló ń hùn. Mo gbé àpótí sílẹ̀, mo se ìrẹsì, mo jókòó sídìí tábìlì tó gba èèyàn mẹ́jọ, mi ò sì lè jẹun. Kí n tó lọ, ìdáwà náà kò ní orúkọ. Báyìí mo ti mọ ojú rẹ̀.

Mo wá ń rántí nǹkan. Nígbà tí a sin ọkọ mi, àwọn èèyàn wa ní Tucker ní, "Aunty, ẹ máa bọ̀ nílé wa lọ́jọ́ Saturday, ẹ wá bá wa jẹun." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu." Mo ń dúró de ìpè kejì, bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé. Ní Atlanta, kò sí ẹni tó ní àyè láti pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbà pé mi ò fẹ́, èmi gbà pé wọn ò nífẹ̀ẹ́ mi, a sì ń dì mọ́ ara wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà náà. Obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní òdìkejì títì pàápàá gbé kéèkì wá fún mi lọ́sẹ̀ ìsìnkú yẹn, ó ní ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀ fún mi nígbàkígbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo se ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọbẹ̀ ẹ̀pà, mo gbé ìkòkò náà, mo sọdá títì. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohùn obìnrin náà jáde látinú aago náà, kò sí èèyàn.

"Hi! Ẹ kàn gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, thank you!"

Mo ní, "Èmi kì í ṣe delivery. Aládùúgbò yín ni mí, ilé tó kọjú sí tiyín. Mo wá bá yín jẹun ni."

Ó ní, "Ma'am, mo ṣì wà níbi iṣẹ́ o, fóònù mi ni mo fi ń dá yín lóhùn."

Gbogbo ara mi fẹ́ sọ pé ẹ má ṣèyọnu, ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire. Mo gbé e mì.

"Mo máa dúró," mo ní. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀, mo gbé ìkòkò lé itan, mo ń wo ọ̀nà.